Oko Kòkó Tí Mo Fi Ibòòji Bà Jẹ́ ní Ìsàn

Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni mí lọ́jọ́ tí mo gbé àpótí wọ Ìkọ̀lé-Èkìtì pé mo fẹ́ lọ kàwé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ṣakí níhìn-ín, àwọn ọmọ mi ti ní ilé tiwọn, ìyàwó mi sì ti ní òun kò lè máa wo ojú mi láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo lọ kọ́ ní yunifásítì ni bí a ṣe ń tọ́jú igbó, ilẹ̀, omi àti ẹranko kí wọ́n má baà tán lójú wa. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo wa la jọ ń wò ó nígbà tí wọ́n fi igi òrí ṣe èédú tán lọ́nà oko wa, tí ibi tí à ń sinmi sí nígbà èwe wa di pápá gbalasa.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ọ̀nà dá yín lágara. Ìkọ̀lé tutù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde síta, mo rí ìkùukùu tó jókòó sórí òkè bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ. Igi ń bẹ níbi gbogbo, lẹ́yìn ilé, létí ọ̀nà, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, igi tí ẹnì kankan kò gbìn. Mo dúró tí mo ń wò wọ́n títí obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ fi bi mí léèrè pé, "Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní kò sí.

Ó ní, "Mo rò pé ẹ ń kí igi ni."

Èdè wọn dùn, àmọ́ ó kọ́kọ́ ta mí létí. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ èdè ilé wọn láàárín ara wọn, ọmọ á máa bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì sí àrífín kankan níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ti ń fi "ẹ̀yin" kí láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó, mo kọ́kọ́ fajú ro. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ibòmíràn ni ọ̀wọ̀ tiwọn wà. Wọn kì í já àlejò nírọ́. Bí àlejò tó dàgbà bá sọ pé ilẹ̀ ti ṣú lọ́sàn-án gangan, wọn á ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀, bàbá."

Bí wọ́n ṣe ṣe mí nínú kíláàsì náà nìyẹn. Àwọn ọmọ tí a jọ ń kàwé a máa gbé ìwé mi, wọn a fi àga iwájú sílẹ̀ fún mi. Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, kò tó àkọ́bí mi lọ́jọ́ orí. Bí mo bá dáhùn ìbéèrè tí mo ṣì í, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Bàbá ti gbìyànjú," á sì kọjú sí ẹlòmíràn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbìyànjú tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé mo ṣì í. Mo wá gbà pé mi ò ṣì í rí.

Ọjọ́ kan wọ́n kó wa lọ wo omi tí wọ́n sé ní Ìtapàjí. Omi náà tẹ́ rẹrẹ, igbó sì yí i ká. Dókítà ní bí igi bá wà lókè, omi á wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ru korobá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ níhìn-ín, ẹ ó mọ̀ pé ojú mi kò lè gbẹ. Mo sọ lọ́kàn mi níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé àáké sí igi lójú mi, èmi àti onítọ̀hún la jọ máa ṣe é.

Ìsàn

Lọ́dún kejì, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa lọ gbé lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí di ìkórè, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀. Ìsàn-Èkìtì ni tèmi bọ́ sí, nílé obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bùnmi.

Ìyá Bùnmi á tó ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú, ó fi ọmọ mẹ́ta àti oko kòkó kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ibi tó ti ń gúnyán ló ti sọ ọ̀rọ̀ oko náà fún mi, kò dá ọwọ́ odó dúró. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ti jókòó lé e lórí. Wọ́n ní kí ó tọ́jú oko náà fún ọdún kan, kí àwọn wò ó. Bí kòkó bá ṣe dáadáa, oko di tirẹ̀ àti tàwọn ọmọ rẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, àwọn á gbé e fún ọkùnrin tó lè ṣe é.

"Ọdún yìí sì ni ọdún náà," ó wí. Ó wá yí iyán, ó ní kí n lọ fọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iyán yẹn, torí pé kò sí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ó funfun, ó ń fà, kò sí kókó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ ìsápá ló fi ń bá a rìn, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ẹja gbígbẹ ń yọjú láàárín rẹ̀. Ó ṣe iyán lọ́sàn-án, ó ṣe iyán lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, mo tún gbọ́ odó. Lọ́jọ́ kẹrin ni mo rọra béèrè bóyá a lè rí ọkà jẹ.

"Ọkà kẹ̀?" Ó fọwọ́ kan ọrùn mi. "Ara yín kò gbóná. Kí ló ń ṣe yín?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí gbogbo àdúgbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá arúgbó kan tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà fi ewé ránṣẹ́ sí mi pé kí n fi omi sè é mu, bóyá ìfẹ́ iyán á padà wá.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Ìyá Bùnmi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Bàbá Yunifásítì tó ń gbé lọ́dọ̀ mi rèé." Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Bàbá Yunifásítì fún gbogbo wọn. Wọ́n ń wá bi mí ní ìbéèrè. Èéṣe tí ọsàn mi fi ń jábọ́ ní kékeré? Kí ló ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi? Mo dá gbogbo wọn lóhùn. Mo ti ronú padà sí àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo ń wá ẹnì kan tí mo sọ fún pé mi ò mọ̀. Mi ò rí i.

Lábẹ́ igi

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀lé e lọ sí oko. Kòkó ti ń so, àwọn èso rẹ̀ tẹ̀ mọ́ ara igi bí àtàǹpàkò ọmọdé. Lókè wọn ni àwọn igi ńlá na ọwọ́ bo gbogbo oko: ìrókò, afàrà, àti àwọn mìíràn tí mi ò mọ orúkọ wọn. Abẹ́ wọn tutù, ó dùn ún dúró sí. Mo bọ́ fìlà mi.

Ni àwọn alágbàṣe méjì bá yọ pẹ̀lú àdá àti àáké. Mo nawọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ gé ẹ̀ka ni, bàbá, kí oòrùn lè wọlé," Ìyá Bùnmi wí. "Igi méjì tó wà nísàlẹ̀ yẹn, wọ́n máa gé wọn kúrò."

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí mo kọ́ níwèé ní ìlú yìí mọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ti Ṣakí fún wọn, mo sọ ti èédú, mo sọ ti odò tó gbẹ, mo sọ ti àwọn ẹyẹ tí a kò rí mọ́. Àwọn alágbàṣe wò mí títí, wọ́n jókòó sórí ìtì igi. Ọ̀kan nínú wọn tú iṣu sísun nínú ewé, ó ń jẹ ẹ́.

Ìyá Bùnmi dúró kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Bàbá, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ṣùgbọ́n òjò tibí máa ń pọ̀. Bí ewé bá bo oko mọ́lẹ̀, omi kì í gbẹ lára kòkó. Ọkọ mi máa ń gé e lọ́dọọdún kí òjò tó le."

Mo ní, "Ọkọ rẹ kò lọ sí yunifásítì."

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sọ ọ́ fún opó, nínú oko tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti dá mi lóhùn. Ìyá Bùnmi wo ilẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ kan sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ kàwé, bàbá," ó wí. Ó yíjú sí àwọn alágbàṣe, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun á ránṣẹ́ pè wọ́n.

Èyí tó ń jẹ iṣu nu ẹnu, ó gbé àáké rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Bàbá, tí ọ̀rọ̀ yín bá tún kù, àwọn igi ń gbọ́."

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣe ọ̀gá ilé-ìwé.

Òjò

Òjò rọ̀. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, òjò tí à ń rí níhìn-ín, àlejò ni. Ti Ìsàn, onílé ni. Á bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, á bá wa sùn, á bá wa jí. Lẹ́yìn tó bá dá lójú ọ̀nà, ó ṣì ń kán tó, tó, tó nínú oko Ìyá Bùnmi, nítorí pé ewé tí mo gbà sílẹ̀ ṣì ń rọ òjò tirẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àmì kan tí kò ju èékánná lọ lára èso kòkó kan, àwọ̀ rẹ̀ bí ti ewé gbígbẹ. Lọ́jọ́ kẹta èso náà ti dúdú láti orí dé ìdí, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò lè ka àwọn tó dúdú mọ́. Lódìkejì odò kékeré tó pààlà, kòkó ẹlòmíràn ń pọ́n, ó ń tàn yòò nínú oòrùn.

Àràárọ̀ ni Ìyá Bùnmi ń lọ já àwọn tó jẹrà, tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bò wọ́n. Mo ń bá a gbé apẹ̀rẹ̀. Mo ń retí kí ó bú mi. Kò bú mi. "Ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀," ohun tó máa ń sọ fún mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ bá Dókítà ní Ìkọ̀lé. Mo ṣàlàyé. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ní kí wọ́n má gé ẹ̀ka?"

"Èmi ni."

Ó ní, "A kọ́ ọ ní ọdún kìíní. Ibòòji díẹ̀ dára fún kòkó, èyí tó bá pọ̀ jù á mú un jẹrà nígbà òjò. Mo tiẹ̀ bi yín léèrè lọ́jọ́ náà, òdìkejì rẹ̀ lẹ sì sọ. Mo ní ẹ ti gbìyànjú." Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì náà, kò wo ojú mi. "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé ẹ ṣì í. Ẹ dàgbà ju bàbá mi lọ ni."

Ó ní kí a gé ẹ̀ka kíákíá, ìyókù lè yè. Ó ní kí n ṣàlàyé fún obìnrin náà.

Nígbà tí mo padà dé Ìsàn, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún Ìyá Bùnmi. Mo ní, "Dókítà ní àkókò ti tó wàyí láti gé ẹ̀ka." Bí ẹni pé àkókò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tó. Ó wò mí, ó ní, "Ó dáa, bàbá." Ṣùgbọ́n oko àwọn ẹlòmíràn ni àwọn alágbàṣe wà nígbà náà. Kí ọwọ́ wọn tó dilẹ̀, kòkó tó kù lórí igi kò tó ìdajì.

Àlejò láti Ìdó

Lẹ́yìn ìkórè, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wá láti Ìdó-Èkìtì. Bàbá Kọ́lá ni wọ́n ń pè é, káfíńtà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Kò tó mi lọ́jọ́ orí, ó sì tẹ̀ ba kí mi dáadáa. Ìyá Bùnmi gún iyán, ó gbé e sáàárín èmi àti Bàbá Kọ́lá.

A ti jẹun dé àárín kí Bàbá Kọ́lá tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Bùnmi, mo ti dé oko."

"Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n."

"Ohun tí mo rí kò dára. Ẹbí ń sọ pé ọ̀lẹ ni ọ́. Wọ́n ní o kò gé ẹ̀ka igi, pé o jókòó sílé, o jẹ́ kí oko di igbó. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ìyá Bùnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìkòkò omi lọ́wọ́. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin ará ilé, bó bá wò mí, mo gbà pé mi ò bá sọ̀rọ̀. Kò wò mí, torí pé àlejò rẹ̀ ni mo jẹ́, mo sì ń jẹun lọ́wọ́.

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀gbọ́n," ó wí.

Bàbá Kọ́lá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà níbí pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an, kí lẹ rí?"

Òkèlè wà lọ́wọ́ mi. Mo fi run ọbẹ̀, mo fi sẹ́nu, mo gbé e mì. Mo ní, "Òjò ọdún yìí pọ̀."

"Òjò rọ̀ sí oko gbogbo èèyàn," Bàbá Kọ́lá wí. Ó dúró, ó ń retí. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ó fọwọ́, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó lọ. Láàárín oṣù kan, wọ́n ti gbé oko náà fún àgbẹ̀ kan kí ó máa ṣe é títí ẹbí á fi pàdé, tí wọ́n á pinnu ẹni tó máa ni ín.

Aṣọ dúdú

Mo kọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé àṣekágbá mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ní Ìsàn tàbí Ìdó kò ní kà á. Wọ́n fún mi ní máàkì tó dára lé e lórí, wọ́n ní mo jẹ́ olóòótọ́.

Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́yege wa, tí wọ́n wọ aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, Ìyá Bùnmi wá sí Ìkọ̀lé. Mi ò pè é. Ó gbé kúlà iyán lọ́wọ́, ó ní àwọn ọmọ mi jìnnà, kò yẹ kí n dá wà ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. A jọ ya fọ́tò. Mo bi í pé báwo ni oko. Ó ní ẹni tí wọ́n gbé e fún ti gé ẹ̀ka, kòkó ti ń yọ òdòdó. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti oko ará ibòmíràn.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ìdó. Mo bá Bàbá Kọ́lá lẹ́nu iṣẹ́, ó ń fá pákó. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí èérún igi.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò."

Mi ò dìde. Ilẹ̀ ni mo wà tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àwọn alágbàṣe tí mo dá padà títí dé orí òkèlè tí mo gbé mì. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó fi ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo bi yín léèrè lọ́jọ́ yẹn," ó wí.

"Ẹ bi mí."

"Ẹ rò pé mo wá gba oko ni. Àwọn kan nínú ẹbí ti fẹ́ gbà á láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú. Ẹnu àgbà kan ni mo ń wá tí mo máa fi bá wọn jà. Mo mọ ìyàwó àbúrò mi, kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo bi yín kí ẹ lè fún mi ní ọ̀rọ̀ kan."

Ó fà mí dìde, ó gbọn èérún igi kúrò lára aṣọ mi.

"Èmi kọ́ lẹ máa sọ ọ́ fún," ó ní. "Ẹbí máa pàdé ní Ìsàn lẹ́yìn ìkórè ọdún yìí. Ẹ wá sọ ọ́ níbẹ̀, kí gbogbo àwọn tó pè é ní ọ̀lẹ jókòó kí wọ́n gbọ́ ọ."

Mo ní màá wá. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kò dún dáadáa létí èmi fúnra mi.

Láti Ìdó mo gba Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìsàn, mo sì tún gbogbo rẹ̀ sọ fún Ìyá Bùnmi. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ó bẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kí ó tó dáhùn.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kọ́lá?"

"Mo dọ̀bálẹ̀."

"Ìyẹn dáa." Ó mú iṣu mìíràn. "Ṣé ẹ máa wá síbi ìpàdé náà lóòótọ́?"

"Màá wá."

"Ṣakí jìnnà, bàbá. Bó bá jẹ́ èmi àti ẹ̀yin àti Bàbá Kọ́lá nìkan ló mọ̀, ara yín lè má yá lọ́jọ́ náà. Mọ́tò lè bà jẹ́ lọ́nà." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lára ọ̀bẹ. "Bí ẹ bá délé, ẹ sọ fún àwọn ará yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún wọn, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá, kí wọ́n lè bi yín bí wọ́n bá ṣì rí yín nílé."

Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé náà ní Ìsàn. Mo ti sọ fún yín báyìí.